Fíltà Dróònù Lábẹ́ Oòrùn Abuja: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Rà

Ẹni tó bá wọ ọjà ẹ̀rọ ní Wuse 2 láti ra fíltà dróònù, àpótí pẹlẹbẹ kan ni wọ́n máa gbé ka iwájú rẹ̀. Fíltà mẹ́fà ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, wẹ́wẹ́ bíi bọ́tìnì kóòtù: ND4, ND8, ND16, ND32, ND64, àti ọ̀kan tí wọ́n kọ CPL sí lára. Ọlọ́jà á ní gbogbo rẹ̀ lẹ máa lò. Iṣẹ́ dróònù ni mo fi ń jẹun ní ìlú yìí. Ìgbéyàwó àti ilé títà ni mo ń yà jù, láti Gwarimpa dé Lugbe, mo sì máa ń gba ọ̀nà Kaduna àti Kano lọ bí iṣẹ́ bá pè. Ohun tí mo rí ni pé fíltà méjì tí a fara balẹ̀ yàn ń ṣe ju mẹ́fà tí a rà lódindi lọ. Èwo ni méjì ọ̀hún? Lẹ́ńsì yín, wákàtí tí ẹ fi ń fò, àti ojú ọjọ́ ló máa sọ ọ́.

Nọ́ńbà ND: ẹ pín in sí 50

Gíláàsì dúdú ni ND. Ó ń dín ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ kámẹ́rà kù, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwọ̀. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ni iye tó fi pín ìmọ́lẹ̀: ND8 ń jẹ́ kí ìdá kan nínú 8 wọlé, ND64 ń jẹ́ kí ìdá kan nínú 64 wọlé.

Kí la wá ń fi òkùnkùn ṣe nígbà tí oòrùn wà? Tìtorí fídíò ni. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, kámẹ́rà á máa ṣí ojú, á sì máa dì í ní wéré, bóyá ní 1/3200 ìṣẹ́jú àáyá. Àwòrán kọ̀ọ̀kan á mú dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tò tẹ̀ lé ara wọn, fídíò á máa ta gìgìgì. Ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì Kubwa á dà bí ohun tí wọ́n ń ṣí nípò láti ibì kan sí ibòmíràn. Bí oòrùn bá tún wà níwájú, òjìji abẹ̀bẹ̀ dróònù lè máa já lórí àwòrán bí ìlà dúdú. Ojú èèyàn fẹ́ kí ohun tó ń sáré fa ìrù díẹ̀. Òfin àwọn tó ń ya fíìmù ni pé kí shutter, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí ojú tó sì ń dì í, jẹ́ ìlọ́po méjì iye àwòrán tó wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwòrán 25 ni mo ń lò, nítorí náà 1/50 ni shutter mi. Ìdí tí mo fi yan 25 dípò 30 ni pé 50 Hz ni iná mànàmáná wa ní Nàìjíríà, gílóòbù inú gbọ̀ngàn kì í sì í ṣẹ́jú nínú fídíò bí shutter bá wà ní 1/50.

Bí ẹ ṣe máa mọ nọ́ńbà tí ẹ nílò nìyí. Ẹ gbé dróònù sókè láìfi fíltà kankan sí i. Ẹ fi ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ lágbára tó, sí 100, kí ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ yan shutter. Ẹ wo nọ́ńbà tó yàn lójú fóònù, kí ẹ pín in sí 50. Èsì yẹn ni fíltà yín. Bó bá yan 1/800, 800 pín sí 50 jẹ́ 16: ẹ fi ND16 sí i. Bó bá yan 1/1600, ND32. Bó bá yan 1/3200, ND64. Ẹni tó ń lo àwòrán 30 á pín in sí 60. Èèyàn lè ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́wàá láìmọ ohun tí wọ́n ń pè ní stop, tí fíltà rẹ̀ á sì máa bá ìmọ́lẹ̀ mu nígbà gbogbo.

Fọ́tò ńkọ́? Fọ́tò kò nílò ND, àyàfi tí ẹ bá fẹ́ kí omi Gurara dà bí òwú nígbà tó ń já bọ́. Bákan náà, bí dróònù bá wà lókè ní 100 mítà tó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ 1/50 àti 1/400, torí ohun ìsàlẹ̀ kò sáré nínú àwòrán. Ibi tí ND ti ń sanwó ara rẹ̀ ni ibi tí ẹ bá ti fò sílẹ̀, nítòsí igi, ọkọ̀, àti èèyàn tó ń jó.

Lẹ́ńsì f/2.8 àti lẹ́ńsì f/1.7

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì rà. Ọ̀rẹ́ yín tó ní dróònù DJI Air 2S sọ pé ND64 tó fún ọ̀sán gangan, òótọ́ ló sọ, f/2.8 ni lẹ́ńsì tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní Mini 3 Pro tàbí Mini 4 Pro, f/1.7 ni tiyín. Nọ́ńbà f ń sọ bí ihò lẹ́ńsì ṣe tóbi tó, bó bá ti kéré tó ni ihò ń tóbi tó: ihò tiyín tóbi ju tirẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà wọlé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta tirẹ̀. Ní ọ̀sán tí oòrùn là kedere, tí kámẹ́rà tirẹ̀ yan 1/3200, tiyín lè lọ sí nǹkan bí 1/8000. Pín ìyẹn sí 50, 160 ni. Kò sí ND160 lọ́jà, ND128 ló sún mọ́ ọn jù, shutter á sì dúró sí nǹkan bí 1/60. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Àpótí olómẹ́fà tí mo sọ lókè parí sí ND64. Ẹni tó ní f/1.7 tó sì rà á ti ra ND4 tí kò ní lò, kò sì rí ND128 tó nílò jù rà. DJI tó ṣe dróònù náà fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀: ND16, ND64 àti ND256 ni wọ́n fi ṣe àpótí fíltà Mini 4 Pro. Bí ẹ bá ní ìyẹn, ND64 ni kí ẹ lò lọ́sàn-án, kí ẹ gba 1/125 mọ́ra, tàbí kí ẹ fi ND256 sí i kí ẹ gbé ISO lọ sí 200.

Àwọn tó ní Mavic 3 sinmi díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí lẹ́ńsì wọn ṣeé dín kù láti f/2.8 dé f/11. Ní f/5.6, ND16 ti tó fún ọ̀sán. Mi ò dábàá pé kí ẹ lọ títí dé f/11 láti fi yẹra fún fíltà, àwòrán kì í mú mọ́ bí ihò bá kéré tó bẹ́ẹ̀.

Mo to ohun tí mo sábà ń bá pàdé níhìn-ín sínú àtẹ yìí, fún àwòrán 25 àti ISO 100. Ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún pín tiyín:

| Ojú ọjọ́ | f/2.8 | f/1.7 |
|---|---|---|
| Ọ̀sán, oòrùn kedere | ND64 | ND128 |
| Oòrùn tí eruku bò fẹ́ẹ́rẹ́ | ND32 | ND64 tàbí ND128 |
| Ọyẹ́ tó ki, òjìji kò hàn dáadáa | ND16 | ND32 tàbí ND64 |
| Ojú ọ̀run ṣú fún òjò | ND8 | ND16 tàbí ND32 |
| Oòrùn ti wọ̀ | ẹ yọ ọ́ | ẹ yọ ọ́ |

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ìgbéyàwó wa kì í bẹ̀rẹ̀ lásìkò. Ẹ lè fi ND64 sí i ní agogo mẹ́ta fún ìwọlé ìyàwó, kí ìyàwó má dé títí di agogo mẹ́fà àbọ̀. Bí ẹ bá gbàgbé fíltà lára rẹ̀, ISO á fò sókè, gbogbo dúdú inú àwòrán á sì kún fún àmì wẹ́wẹ́ bí iyanrìn.

ND tó ṣeé yí àti ND onínọ́ńbà kan

Èyí tó ṣeé yí jẹ́ gíláàsì méjì tí a lẹ̀ mọ́ra. Bí ẹ ṣe ń yí i ló ń dúdú sí i. Lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé kámẹ́rà, ó wúlò gan-an. Lórí dróònù, mi ò rí ìdí rẹ̀: ẹ kò lè yí i nígbà tó bá wà lókè, ó wúwo ju ìkejì rẹ̀ lọ, bí ẹ bá sì yí i dé òpin, àgbélébùú dúdú bàìbàì lè yọ láàárín àwòrán. Onínọ́ńbà kan ni kí ẹ rà.

CPL: ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Àwọn kan rò pé ND tí kò dúdú tó ni CPL. Iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ó ń yọ dídán kúrò lára nǹkan: dídán ojú omi, ti gíláàsì fèrèsé, ti ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Bí dídán náà bá kúrò, àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ á jáde. Ẹ kò lè fi ẹ́díìtì ṣe èyí lẹ́yìn ọ̀la, torí ohun tí dídán bò mọ́lẹ̀, kámẹ́rà kò rí i rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé, lẹ́yìn ND, òun nìkan ló tọ́ kí èèyàn náwó sí.

Ẹ gbé e lọ sí adágún Jabi kí ẹ wò ó. Bí gimbal, apá tó gbé kámẹ́rà dúró, bá tẹ̀ sísàlẹ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n 35 sí 40, tí ẹ sì ti yí CPL sí ibi tó yẹ, ojú omi tó funfun bí páànù á di aláwọ̀ ewé, ẹ óò rí ibi tí omi ti jìn àti ibi tí koríko wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wá tẹ gimbal sísàlẹ̀ pátápátá, kó máa wo omi láti òkè tààrà: CPL kò ní ṣe nǹkan kan mọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta lára omi nìyẹn, kò sí fíltà tó lè yí i padà. Lókòòjà, níbi tí odò Ọya àti Benue ti pàdé tí àwọ̀ omi méjèèjì kò sì dọ́gba, ìtẹ̀sí gimbal yìí ló máa jẹ́ kí ààlà wọn hàn.

Lórí òrùlé, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ya ilé títà. Páànù tí wọn kò kùn, irú èyí tó pọ̀ ní Nyanya àti Karu, CPL kò lè yọ dídán rẹ̀. Irin lásán kì í ta ìmọ́lẹ̀ padà lọ́nà tí fíltà yìí fi lè mú un. Òrùlé tí wọ́n fi ọ̀dà bò, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ní Gwarimpa, gbọ́ tirẹ̀, nítorí ara ọ̀dà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń ta, kì í ṣe ara irin. Kí ẹ tó gbé CPL lọ síbi iṣẹ́, ẹ béèrè irú òrùlé tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ páànù lásán, ẹ lọ láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ fò láti ìhà tí oòrùn wà.

Ti ojú ọ̀run náà ní àṣírí kan níhìn-ín. CPL ń mú kí ojú ọ̀run dúdú bí aró níbi tó bá wà ní igun ìwọ̀n 90 sí oòrùn. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn wà nílẹ̀ ní ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn, àríwá àti gúúsù ni ibẹ̀ bọ́ sí. Bí ẹ bá kọ kámẹ́rà sí àríwá, ojú ọ̀run á dúdú dáadáa. Bí ẹ bá yí i sí ìlà oòrùn, á funfun padà. Fún ìdí èyí, bí ẹ bá fẹ́ fi dróònù yí ìyàwó àti ọkọ ká, ẹ yọ CPL kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú ọ̀run á máa ṣú, á máa là láàárín fídíò kan ṣoṣo. Lọ́sàn-án gangan, ọ̀rọ̀ yí padà. Abuja wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 9 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn sì máa ń dúró ṣánṣán lórí wa ní àárín oṣù April àti ní ìparí August. Nígbà náà, igun ìwọ̀n 90 sí oòrùn á wà ní etí ọ̀run yíká, àwọ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí bí ẹ bá ń yí dróònù.

Ilẹ̀ lẹ ti máa yí CPL kí ẹ tó fò. Èmi a máa di dróònù mú, a tàn án, a kọjú rẹ̀ sí ibi tí ó máa wò lókè, a máa yí òrùka fíltà díẹ̀díẹ̀ títí dídán á fi kú lójú fóònù. Bí iṣẹ́ bá nílò CPL àti ND papọ̀, ẹ ra èyí tí wọ́n ti pa pọ̀, tí wọ́n kọ ND16/PL tàbí irú rẹ̀ sí. Ẹ má to méjì léra wọn.

Ọyẹ́, UV, àti àwọn ìyókù

Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù láàárín December sí February ni pé fíltà wo ló ń yọ eruku ọyẹ́. Kò sí. Ọlọ́jà á gbé fíltà UV, tó ń dí ìtànṣán oòrùn tí ojú kò rí, fún yín, á ní ó ń gé ìkùukùu. Kámẹ́rà ayé òde òní ti ní ohun tó ń dí UV nínú, eruku Sàhárà kì í sì í ṣe UV. CPL náà kì í rí eruku tó ki gé. Ẹ ronú Àpáta Zuma, èyí tó wà lẹ́yìn 100 náírà tí Awólọ́wọ̀ wà níwájú rẹ̀. Láti ọ̀nà jíjìn nínú ọyẹ́, òjìji lásán ni. Ohun tó ń ràn án ni pé kí ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ fò sílẹ̀, tàbí kí ẹ dúró de òjò àkọ́rọ̀ tó máa fọ eruku kúrò lójú ọ̀run. Mo ti sọ fún oníbàárà rí pé kó sún iṣẹ́ sí April, inú rẹ̀ sì dùn sí àwòrán tó rí gbà.

Ohun kan tí UV lè ṣe ni pé kó gba eruku àti yanrìn tó lè ha nǹkan dúró kí ó má dé ojú lẹ́ńsì. Bó bá jẹ́ Kano tàbí Sókótó lẹ ti ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn, ó mọ́gbọ́n dání. Eruku ọyẹ́ ní yanrìn líle nínú, nítorí náà ẹ má fi etí aṣọ nu fíltà ní gbígbẹ. Ẹ fẹ́ eruku kúrò ná, kí ẹ tó fi aṣọ tí wọ́n fi ń nu awò ojú nù ún.

Fíltà mist, tó ń mú kí iná gílóòbù tàn yọ̀ọ̀ bí òṣùpá, dára fún gbọ̀ngàn lálẹ́. Nínú ọyẹ́, ìkùukùu lórí ìkùukùu ni. Èyí tó dúdú lápá kan tó mọ́ lápá kejì, mi ò rí ìlò rẹ̀ lórí dróònù tó ń tẹ̀ sókè sísàlẹ̀.

Olówó pọ́ọ́kú àti èyí tó wọ́n

Mo ra ND64 kan lọ́jà nígbà kan, owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta ti èyí tí mo ń lò tẹ́lẹ̀. Mo gbé e lọ sí ìgbéyàwó kan ní Gwarimpa. Ẹbí ìyàwó wọ sányán, ẹbí ọkọ wọ etù, aṣọ òkè gidi tí wọ́n hun nílé. Kámẹ́rà tí mo gbé lọ́wọ́ ya sányán bó ṣe rí, àwọ̀ ìyẹ̀pẹ̀ tó gbẹ, tó ń dán fẹ́ẹ́rẹ́. Nínú fídíò dróònù, sányán ti ń pọ́n lọ bí àlàárì, etù tó yẹ kó jẹ́ dúdú aró sì ti di àwọ̀ kọfí. Ìyá ìyàwó wo fídíò náà lójú mi, ó ní, "Ọmọ mi, aṣọ wa dà?" Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ṣe ẹ́díìtì kí àwọ̀ tó sún mọ́ra, kò sì bára mu tán.

Ohun tó fà á ni pé gíláàsì tí kò dára ń dí ìmọ́lẹ̀ tí a rí, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú wa kò rí, kọjá. Bí ND bá ti ń dúdú sí i, bẹ́ẹ̀ ni infrared yẹn ń lágbára sí i nínú ohun tó kù, aṣọ dúdú ló sì máa kọ́kọ́ tú u fó. Fún ìdí èyí, lórí ND8 àti ND16, ẹ lè ra èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Láti ND64 lọ sókè, ẹ sanwó fún gíláàsì gidi.

Ẹ dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ tẹ́ bébà funfun sínú oòrùn, kí ẹ fi fóònù ya á láti inú ND náà, kí white balance, ìyẹn bí fóònù ṣe ń tún àwọ̀ ṣe, má yí. Bébà gbọ́dọ̀ di eérú, kó má pọ́n, kó má ní àwọ̀ ewé. Ti CPL, ẹ gbé e síwájú kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń tan, kí ẹ wò ó láti inú rẹ̀, kí ẹ máa yí i. Ó gbọ́dọ̀ dé ibì kan tí ojú kọ̀ǹpútà máa ṣókùnkùn. Bí kò bá ṣókùnkùn, ẹ dojú fíltà kọ apá kejì, kí ẹ tún yí i. Bí kò bá ṣókùnkùn síbẹ̀, gíláàsì lásán ni wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Kí ó sì jẹ́ ti dróònù yín gan-an. Fíltà Mavic 3 kò lè bá Mini 4 Pro mu, èyí tó bá sì wúwo jù á mú kí gimbal máa gbọ̀n, tàbí kí fóònù kọ ọ́ pé gimbal ti rù ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ fi fíltà sí i kí ẹ tó tan dróònù, kí ẹ sì rí i pé ó wọlé ṣinṣin.

Ṣáájú gbogbo èyí, ìwé àṣẹ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, àti ti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààbò orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má sún mọ́ ìhà Aso Rock. Ní Borno, Yobe àti Adamawa, àwọn ológun ti fòfin de dróònù aládàáni láti January 2025.

Ohun tí màá rà

Fún ìgbéyàwó, pẹ̀lú lẹ́ńsì f/1.7: ND32 àti ND128, CPL kò pọn dandan. Pẹ̀lú f/2.8: ND16 àti ND64. Fún ilé títà, CPL ni màá kọ́kọ́ rà, kí n tó ra ND kankan, torí fọ́tò ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, fèrèsé, omi ìlúwẹ̀ẹ́ àti òrùlé olọ́dà ló sì ń ta ilé.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra dróònù, kó má tíì ra nǹkan kan. Ẹ fò fún ọ̀sẹ̀ kan láìní fíltà, láwọn wákàtí tí ẹ ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹ máa kọ nọ́ńbà shutter tí kámẹ́rà yàn sínú ìwé, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, kí ẹ pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 50. Nọ́ńbà méjì tó bá yọjú jù nínú ìwé yẹn ni kí ẹ gbé lọ sí ọjà.